Obìnrin amọ̀ tó jókòó: ta ni, níbo ni wọ́n ti hú u, ta ló ni ín?

Bí ìròyìn bá ti jáde pé wọ́n tún dá ohun àtijọ́ padà sí Gíríìsì tàbí Ítálì, àwòrán kan wà tí kì í pẹ́ gba orí ayélujára kan: obìnrin kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé lọ. Àríyànjiyàn á wá bẹ́. Ẹnìkan á ní òrìṣà ni. Ẹlòmíràn á ní ọmọlangidi ọmọdé ni. Ẹnìkẹta á gbé àwòrán ibi gbàǹjo tí irú rẹ̀ wà jáde, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á, á sì béèrè pé bó bá jẹ́ pé wọ́n jí i ni, kí ló ń ṣe ní gbangba?

Ọ̀rọ̀ náà tún dojú rú sí i láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025, nígbà tí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún. Àwọn kan gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ti fòfin de títa ohun àtijọ́ pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí a tó dé orí òfin, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ná.

Kí ni ère yìí gan-an?

Ère ẹ̀jẹ́ ni. Láti nǹkan bí ọdún 550 ṣáájú ìbí Jésù, bí ènìyàn bá ní ẹ̀jẹ́ láti san tàbí ohun tó fẹ́ tọrọ nílùú àwọn Gíríìkì, ó lè ra obìnrin amọ̀ yìí, kó gbé e lọ sí ojúbọ, kó fi í síbẹ̀. Òun á padà sílé. Ère á dúró. Ẹni tó lówó lè gbé mábù tàbí idẹ lọ. Amọ̀ ni ti mẹ̀kúnnù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Amọ̀kòkò á kọ́kọ́ fi ọwọ́ mọ ọ̀kan dáadáa, á fi amọ̀ tútù bò ó lójú, á ṣí i kúrò, á sun ún. Mọ́ọ̀dù ti délẹ̀ nìyẹn, bí èyí tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń lò. Láti ìgbà náà lọ, kó máa tẹ amọ̀ sínú rẹ̀ ló kù. Iwájú nìkan ló sábà ń ti inú mọ́ọ̀dù wá. Ẹ dá ère náà dojú bolẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ kàn rí pẹrẹsẹ ni, ipa ìka ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì ṣì wà lára òmíràn. Ihò kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ṣófo, ooru sì ní láti rí ibi gbà jáde kí ère má baà bẹ́ nínú iná. Bó bá ti jáde nínú iná, wọ́n á kùn ún ní funfun, wọ́n á wá fi pupa tàbí búlúù tọ́ aṣọ àti irun. Ọ̀dà yẹn ti ṣí lára èyí tó pọ̀ jù, ló fi jẹ́ pé àwọ̀ ìkòkò nìkan là ń rí lónìí.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ náà tó dùn mọ́ mi. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá gbẹ tó sì wọná. Bí mọ́ọ̀dù bá gbó, oníṣẹ́ á mú ère tó ti sun tẹ́lẹ̀, á fi ṣe mọ́ọ̀dù tuntun. Èyí tó bá jáde nínú mọ́ọ̀dù tuntun yìí á kéré sí ìyá rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọmọ-ọmọ á tún kéré sí i, imú àti ẹnu á sì máa parẹ́ lọ bíi fọ́tò tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ láti orí WhatsApp kan sí òmíràn. Nítorí náà, bí awalẹ̀pìtàn bá fi rúlà wọn ojú àti orúnkún, ó lè sọ pé ère kan tó jáde ní Sísílì, erékùṣù ńlá ní Ítálì, jẹ́ ọmọ-ọmọ èyí tí wọ́n ṣe ní erékùṣù Rhodes.

Àwọn Gíríìkì fúnra wọn kò ka iṣẹ́ yìí sí bàbàrà. Nígbà tí Isocrates, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní Athens, ń ráhùn pé wọ́n ń pe òun ní akọ̀wé ẹjọ́ lásán, àfiwé tó ṣe ni pé ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pe Phidias, ẹni tó gbẹ́ ère ńlá Athena, òrìṣà ìlú Athens, ní ẹni tó ń mọ ọmọlangidi.

Ta wá ni obìnrin tó jókòó?

Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ ya.

Àwọn kan ní òrìṣà ni. Ẹ wo àga aláfẹ̀yìntì, wọ́n ní, ẹ wo àpótí ìtìsẹ̀ àti fìlà gíga tó dé. Nínú iṣẹ́ ọnà Gíríìkì, òrìṣà ló sábà ń jókòó, ènìyàn a sì dúró níwájú rẹ̀. Ní Athens, lórí òkè Acropolis, irú ère kékeré yìí pọ̀ níbẹ̀, orí òkè kan náà sì ni Athena onímábù tó jókòó wà, èyí tí wọ́n gbà pé Endoios gbẹ́ ní nǹkan bí 525 ṣáájú ìbí Jésù. Pausanias, arìnrìn-àjò ayé àtijọ́, rí ère kan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ orúkọ Endoios àti ti Kallias tó gbé e kalẹ̀ sílẹ̀. Ère mábù náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Acropolis, orí rẹ̀ ti lọ. Bí ńlá bá jẹ́ Athena, kí ló dé tí kékeré kò ní jẹ́ Athena?

Ìdí tí ẹjọ́ náà kò fi tán síbẹ̀ ni pé irú obìnrin yìí kan náà ń jáde ní ojúbọ Demeter, òrìṣà ọ̀gbìn, ó ń jáde ní ti Hera, ìyàwó Zeus olórí àwọn òrìṣà, ó tún ń jáde nínú sàréè. Àwọn kejì wá ní, kì í ṣe òrìṣà, obìnrin tó wá bọ òrìṣà ni, ó fi ère ṣojú ara rẹ̀. Àwọn kẹta ní amọ̀kòkò mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìdárúkọ ni, kó lè tà á fún gbogbo èrò: ẹni tó rà á ló mọ ẹni tó ń pè é.

Ọ̀rọ̀ ìlú Gela ní Sísílì fi bó ṣe rí hàn. Àwọn ará Rhodes àti Crete ló tẹ Gela dó ní nǹkan bí 688 ṣáájú ìbí Jésù. Níbẹ̀ àti ní Akragas, ìlú tí Gela bí, obìnrin amọ̀ tó jókòó máa ń rí bíi pákó, ẹ̀gbà gbọọrọ tó kún fún ẹ̀ṣọ́ sì máa ń wà láyà rẹ̀ ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn ará Denmark tó walẹ̀ ní Lindos, ní Rhodes, láti 1902 ló kọ́kọ́ fi ojú bàbá àti ọmọ wo ọ̀rọ̀ náà. Blinkenberg, ọ̀kan nínú wọn, gbà pé ère Athena ti Lindos ni àwọn ará Gela ń ṣe àwòkọ rẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára: títí dòní, "Athena Lindia" ni wọ́n ṣì ń pè é nínú ìwé púpọ̀. Àmọ́ èyí tó ní ẹ̀gbà ọ̀wọ́ọ̀wọ́ yẹn, Sísílì ló pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìsinsìnyí ti wá ń wò ó pé àwọn ará Sísílì ló wọ òrìṣà tiwọn láṣọ, kì í ṣe pé wọ́n ya ti Lindos.

Ní Bitalemi, ìta Gela, ni ọ̀rọ̀ ti yanjú díẹ̀. Piero Orlandini walẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Inú iyanrìn ló bá ẹrù náà: ìkòkò kéékèèké tí wọ́n dorí wọn kodò, ère amọ̀, eegun ẹlẹ́dẹ̀ láti inú oúnjẹ tí wọ́n jẹ níbẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, àfọ́kù abọ́ kan wà tí ẹnìkan ha ọ̀rọ̀ sí lára, pé ti Thesmophoros ni. Oríkì Demeter nìyẹn, ẹni tí àwọn obìnrin ń ṣe ọdún fún láìsí ọkùnrin láàárín wọn. Láìsí àfọ́kù yẹn àti eegun yẹn, obìnrin amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní Paestum, gúúsù Ítálì, Hera ló ni ojúbọ. Òun náà jókòó, ó mú èso pómégíránétì tí Bíbélì máa ń dárúkọ lọ́wọ́. Lórí òkè tó wà nítòsí ibẹ̀ lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí ère Màríà inú rẹ̀ jókòó, ó gbé ọmọ, ó sì mú pómégíránétì. Àwọn tó gbà pé ọ̀kan ló di èkejì pọ̀. Àwọn tó ní ẹ rọra ná náà wà.

Kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń béèrè ibi tí wọ́n ti hú u?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ́ irun kan ṣàlàyé.

Ní 1985, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Getty ní Los Angeles ra orí ọkùnrin kan tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, onírùngbọ̀n, irun rẹ̀ pupa, irùngbọ̀n rẹ̀ búlúù. Iṣẹ́ àwọn Gíríìkì Sísílì ni. Irùngbọ̀n bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti Zeus, ó lè jẹ́ ti Hades, ọba ilẹ̀ àwọn òkú. Ní ìlú kékeré Aidone, ní àárín Sísílì, nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ìwọ́ irun amọ̀ díẹ̀ wà tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ṣà jọ ní San Francesco Bisconti, ojúbọ Demeter àti ọmọ rẹ̀ Persephone nílùú àtijọ́ Morgantina. Àwọn olè ti kó ibẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1970. Ohun tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá ló kù. Ọ̀kan nínú ìwọ́ náà jẹ́ búlúù. Serena Raffiotta, awalẹ̀pìtàn ọmọ Sísílì, ló rí i pé irun yìí jọ ti ọkùnrin Los Angeles. Wọ́n gbé e wò. Ó bá àlàfo tó wà lójú irùngbọ̀n mu.

Ní oṣù Kìíní 2013 ni Getty kéde pé àwọn máa dá a padà, ní 2016 ló sì délé. Nígbà tí wọ́n ti mọ ojúbọ tó ti jáde, orúkọ rẹ̀ dúró: Hades ni, ẹni tí ìtàn sọ pé ó jí Persephone gbé lẹ́bàá adágún Pergusa, tí kò jìnnà sí Aidone. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Aidone tí wọ́n gbé e sí ni àwọn òrìṣà obìnrin méjì tó jókòó láti Morgantina wà láti 2009, orí wọn, ọwọ́ wọn àti ẹsẹ̀ wọn jẹ́ mábù. Yunifásítì Virginia ló dá wọn padà.

Orí Hades rí ìwọ́ irun tó jẹ́rìí fún un. Obìnrin amọ̀ tó jókòó kì í sábà rí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti inú mọ́ọ̀dù kan náà jáde. Bí ẹnìkan bá mú un kúrò láàárín eegun àti àfọ́kù tó bá a sùn, ohun tó lè sọ ẹni tó jẹ́ fún wa ti lọ nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ti inú ilẹ̀ dé ọjà?

Ohun tí a bá ti fún òrìṣà, ti òrìṣà ni. Kò gbọdọ̀ jáde lọ́gbà rẹ̀ mọ́. Bí ojúbọ bá kún, àwọn àlùfáà á gbẹ́ kòtò sínú ọgbà náà, wọ́n á kó ère sínú rẹ̀, wọ́n á bò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí wọn ní òkìtì. Ní ojúbọ Demeter Malophoros ní Selinunte, Sísílì, ère amọ̀ tó jáde ju 12,000 lọ. Ní Cyrene, ilẹ̀ Líbíà, àwọn awalẹ̀pìtàn Amẹ́ríkà walẹ̀ ní ojúbọ Demeter àti Persephone láti 1969 títí di 1981, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ẹ wá fojú inú wo kòtò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ olè. Òru kan ti tó. Ère kọ̀ọ̀kan wọ àpò ṣòkòtò. Èyí tó fọ́ á jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó dá ṣáṣá á lọ sọ́wọ́ onífàyàwọ́, kó tó di ti oníṣòwò ńlá. Ní 1995, àwọn ọlọ́pàá Ítálì àti ti Switzerland wọ ilé ìkẹ́rùsí Giacomo Medici, oníṣòwò ohun àtijọ́ ọmọ Ítálì, ní Geneva. Ohun tó ba àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́rù jù kì í ṣe ẹrù tí wọ́n bá níbẹ̀ bí kò ṣe fọ́tò Polaroid: ohun àtijọ́ tí ilẹ̀ ṣì wà lára wọn, tí wọn kò tíì fọ̀. Kámẹ́rà Polaroid, tó ń yọ fọ́tò lójú ẹsẹ̀, kò sì sí lọ́jà ṣáájú 1948. Ẹni tó bá ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé ogún bàbá-ńlá òun ni. Láti inú fọ́tò wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹrù padà. Ní 2021, ọlọ́rọ̀ ará New York kan, Michael Steinhardt, jọ̀wọ́ ohun àtijọ́ 180 fún agbẹjọ́rò ìjọba ní Manhattan, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ ra òmíràn mọ́ títí láé.

Ṣé ẹ̀rọ kò lè yanjú rẹ̀ ni?

Ẹ̀rọ kan wà, ó sì gbayì. Nínú amọ̀, òkúta wínníwínní wà tó ń kó agbára jọ díẹ̀díẹ̀ láti ara ìtànṣán tó wà nínú ilẹ̀. Iná tí wọ́n fi sun ère máa ń nu agbára náà nù, ìṣirò á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí wọ́n bá ha díẹ̀ lára ère lónìí tí wọ́n yá a níná, á tan ìmọ́lẹ̀ fírí. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni ọjọ́ tí wọ́n sun ún ṣe jìnnà tó.

Ayédèrú ló sọ ẹ̀rọ yìí di dandan. Ní àwọn ọdún 1870, nígbà tí wọ́n ń tú sàréè Tanagra ní àríwá Athens, gbogbo ọlọ́lá Paris àti Berlin ló ń fẹ́ obìnrin amọ̀ kan sínú pálọ̀. Sàréè kò lè pèsè tó. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bá ń pèsè. Àwọn mìíràn gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń fi àfọ́kù àtijọ́ gidi to ère tuntun. Irú ìyẹn, bí wọ́n bá ha á níbi tó dáa, ẹ̀rọ á ní àtijọ́ ni.

Kódà bó bá jẹ́ ojúlówó, ìgbà tí iná kan amọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yìí mọ̀. Kò mọ ilẹ̀ tó ti jáde, kò mọ ẹni tó hú u.

Kí ni òfin Yúróòpù tuntun náà sọ?

Ó sọ pé ohun tí wọ́n hú nínú ilẹ̀, tó bá ti ju ọdún 250 lọ, kò gbọdọ̀ wọ Yúróòpù láìgba ìwé àṣẹ, iye owó yòówù kó jẹ́. Ẹni tó ń gbé e bọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó jáde nílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é tàbí tí wọ́n ti hú u ní ìlànà òfin ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìjọba ló ń wá ẹ̀rí pé wọ́n jí i. Ẹrù ẹ̀rí ti wá wà lórí ẹni tó ń gbé e wọlé.

Ibi tó ti ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà nìyí: òfin náà kò kan ohun tí wọ́n ṣe tàbí tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀. Ère tó jáde ní Gela, òfin Ítálì ló mú un, láti 1909 ni òfin ibẹ̀ sì ti sọ pé ti ìjọba ni ohun tó bá jáde nílẹ̀. Ère Athens, òfin Gíríìsì 3028 ti ọdún 2002 ló mú un. Àwọn tí òfin tuntun mú ni èyí tó ń bọ̀ láti òde: ìlú Gíríìkì àtijọ́ tó wà ní Tọ́kì òde òní, ní Líbíà, ní etí Òkun Dúdú ní Ukraine. Ère tí wọ́n tẹ̀ ní Rhodes tí wọ́n sì hú ní Cyrene wá di iṣu ata yán-an yàn-an fún aṣọ́bodè, nítorí amọ̀ rẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Yúróòpù.

Àyè kan tún wà nínú òfin náà. Bí wọn kò bá lè mọ ìlú tó ti wá ní pàtó, tàbí bó bá ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1972, ìyẹn ọjọ́ tí àdéhùn UNESCO ti 1970 lórí dídènà fàyàwọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a lè fi ìwé orílẹ̀-èdè tó ti gbé fún ohun tó ju ọdún márùn-ún lọ ṣe ẹ̀rí.

Kí ni oníkálukú ń sọ?

Àwọn oníṣòwò ní ère wọ̀nyí kò níye, kì í ṣe Hades onírùngbọ̀n búlúù. Ọ̀pọ̀ ló ti kúrò nílẹ̀ Gíríìkì ní nǹkan bí ọdún 150 sẹ́yìn, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pa rìsíìtì mọ́. Bí màmá àgbà bá kú tó fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú àpótí, ṣé àìsí ìwé ló sọ ọ́ di olè? Wọ́n tún ní owó agbẹjọ́rò láti wá ìwé á ju owó ère lọ, àti pé yàrá ìkẹ́rùsí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kún fún irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Àwọn awalẹ̀pìtàn dá wọn lóhùn pé pípọ̀ tó pọ̀ gan-an ló ń pa á lára. Nítorí pé kò wọ́n, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Ọ̀kan tó bá tà lónìí ló ń sanwó ṣọ́bìrì ọ̀la. Èyí tó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n mọ kòtò rẹ̀, wọ́n mọ àwọn tó bá a wà níbẹ̀; a ṣì lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn sì ń kọminú sí àyè tí òfin fi sílẹ̀, pé ẹni tó bá lè sọ pé òun kò mọ ibi tó ti wá ti rí ọ̀nà gbà wọlé. Ti àwọn ìjọba Gíríìsì, Ítálì, Tọ́kì àti Líbíà kò gùn: inú ilẹ̀ wa ló ti jáde, tiwa ni.

Ṣé ó kan ilẹ̀ Yorùbá?

Ó kàn án tààrà. Ní 2000, àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé, ICOM, gbé ìwé jáde lórí àwọn ohun Áfíríkà tí olè ń kó jù. Ère amọ̀ Nok wà níbẹ̀. Amọ̀ àti idẹ Ifẹ̀ wà níbẹ̀. Ère òkúta Èsìẹ́ náà wà níbẹ̀, àwọn bí ẹgbẹ̀rún kan tó wà ní Kwara, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìjókòó ni wọ́n wà. Àwọn onímọ̀ ń ṣe àríyànjiyàn lórí wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí ti Gela: ọba ni àbí ará ìlú, ta ló gbẹ́ wọn? Ìtàn ìlú ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, orí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà sì ti kán.

Bí ọ̀kan nínú orí òkúta wọ̀nyẹn bá dé pápákọ̀ òfuurufú Paris nínú báàgì ẹnìkan lónìí, òfin kan náà ni aṣọ́bodè máa ṣí, ìbéèrè kan náà ló sì máa bi í: níbo ni wọ́n ti hú u, ọdún wo ló jáde níbẹ̀, ìwé rẹ̀ dà?